Ọ̀rẹ́ Mi Wẹ́dà Tí Mo Fi Gba Ọkùnrin Gíga

Mo ní ìwé kan nígbà yẹn, ìwé olójú-ewé ọgọ́rùn-ún tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Orúkọ ènìyàn ni mo ń kọ sínú rẹ̀, méjì-méjì: ẹni tí mo fẹ́ lé lọ ní apá òsì, ẹni tí mo fẹ́ gbà dípò rẹ̀ ní apá ọ̀tún. Mo kọ ọ́ títí ìwé náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí pé kí ni ìwà òmùgọ̀ tó ga jù tí mo hù láyé mi, n kò ní í ronú lọ títí. Ìwé yẹn ni n óò tọ́ka sí.

Télọ̀ ni mí, ní Bantè. Ṣọ́ọ̀bù mi wà létí ọ̀nà ńlá tó lọ sí Bassila, eruku pupa ló ń bá mi rán aṣọ. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, lẹ́yìn tí owó sẹ́fà já wálẹ̀ lójijì tí gbogbo ènìyàn ń ké, èmi ni kápítẹ̀nì ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ìlú wa, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá, tí wọ́n ń jù sínú irin róbótó tó wà lókè. Èmi náà ni kóòṣì. Èmi ni mo ń rán aṣọ ẹgbẹ́, èmi ni mo ń kọ ìwé ẹgbẹ́. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò tó nǹkan.

Alájì kan ló ń gbọ́ bùkátà wa, ọmọ Nàìjíríà tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, tó ń ta epo bẹntiróò. Ó ra bàtà fún wa, ó sì ń fún olúkúlùkù ní nǹkan ní ìparí oṣù bí epo bá tà. Nítorí ìyẹn la ṣe ń yan fanda káàkiri ìlú, a ní iṣẹ́ ni básíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ fún tiwa, a kì í ṣe ọmọ tó ń ṣeré lásán. Ṣíọ̀! Iṣẹ́ wo? Ní sáà tí mò ń sọ yìí, gbogbo ẹgbẹ́ tó wà ní àgbègbè wa ló ń nà wá. Savalou nà wá. Àwọn tó ti Dassa wá nà wá. Àwọn ọmọ iléèwé kan tí a ní kí wọ́n wá bá wa dánra wò, àwọn náà nà wá, wọ́n sì tún mu omi wa tán.

Alájì ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ń fi àkísà nu ìgò epo, kò wojú mi. Ó ní, "Kápítẹ̀nì, ẹgbẹ́ tó bá gbẹ̀yìn lọ́dún yìí, wọ́n máa yọ ọ́ nínú ìdíje ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbẹ̀yìn, ẹ má wá mi wá mọ́. Mo máa kó aṣọ yẹn fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Alájì. Ọ̀la á dáa."

Ó ní, "Ọ̀la kì í ju bọ́ọ̀lù sínú irin."

Ọ̀rẹ́ mi kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, wẹ́dà ni, ọkùnrin kúkurú tí apá rẹ̀ kún fún ojú àpá iná. Ó fi oṣù mẹ́ta jù mí lọ. Ògiri kan ló pààlà ilé bàbá mi àti ilé bàbá rẹ̀, inú abọ́ kan náà la ti jẹun dàgbà. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irin tí à ń ju bọ́ọ̀lù sí. Ó tú irin náà lára ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dojú dé lọ́nà Agoua, ó fi iná tẹ̀ ẹ́ róbótó, ó jó o mọ́ awo irin kan, ó sì fi bóòtù de awo náà mọ́ pákó ìrókò. Irin náà tẹ̀ sí òsì díẹ̀. Nígbà tí mo ní kó tún un ṣe, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa mọ̀ ọ́n, àlejò ò mọ̀ ọ́n." Ìwọ̀nba ìgbà tí a borí ẹnikẹ́ni nílé, ọlá irin tó tẹ̀ yẹn ni.

Ilé ìyá rẹ̀ kọjú sí pápá náà gan-an. Ojú ìyá ti ṣókùnkùn nígbà yẹn, kò rí ju òjìji ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Abẹ́ igi dóńgóyárò ló máa ń jókòó sí bí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ rẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà jù ú: kì í jù ú sínú irin tààrà, pákó ló máa ń kọ́kọ́ jù ú lù, níbi tí bóòtù wà, bọ́ọ̀lù á wá já sínú irin, irin á sì dún gbàràǹgàndàn. Kò dún bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn nínú wa. Bó bá ti dún, ìyá á pàtẹ́wọ́, á ní, "Ọmọ mi nìyẹn!" Kì í ṣì í. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀rẹ́ mi ń fẹ́ nínú gbogbo eré yìí nìyẹn, pé kí òun máa ju bọ́ọ̀lù sínú irin tí òun fi ọwọ́ òun ṣe, níwájú ilé ìyá òun, kí ìyá òun máa gbọ́ ọ. Kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa kí n tó ṣe ohun tí mo ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń purọ́. Mo ń jowú rẹ̀. Èmi ni kápítẹ̀nì, ṣùgbọ́n bí a bá wọ pápá, orúkọ tirẹ̀ ni àwọn obìnrin ń pè, orúkọ tirẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń pè. Bí a bá fìdí rẹmi, èmi ni wọ́n ń bú, òun ni wọ́n ń kí pé ó kú iṣẹ́. Ó sì ń ṣeré jù fún mi. Á ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, á tún máa rẹ́rìn-ín bí kò bá wọlé. Inú mi a máa ru.

Rédíò ló wá kó bá mi. Mo ń rán ṣòkòtò kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ ní Faransé lórí bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe básíkẹ́ẹ̀tì tiwọn. Ó ní bí ẹgbẹ́ kan bá ń fìdí rẹmi, wọ́n á mú ẹnì kan nínú tiwọn, wọ́n á fi pààrọ̀ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ mìíràn, bí ẹni fi àgbàdo gba iṣu, ẹgbẹ́ tó ti kú á sì jí. Ẹsẹ̀ mi dúró lórí máṣíìnì. Mo ní, "Háà! Ọgbọ́n rèé!" Ọgbọ́n àgbọ́njù ló ń pa òdù ọ̀yà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, etí mi ló di.

Mo ra ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ará Akpassi kan wà nínú wa tó jẹ́ pé bí kajú bá ti pọ́n lóko, kò sẹ́ni tó tún máa rí i títí kajú fi tán. Mo kọ ọ́ pé kí n fi pààrọ̀ ọmọ Atokoligbé kan tí wọ́n ní ó máa ń fò débi pé ó ń fọwọ́ kan òrùlé. Mo gun alùpùpù lọ sí Atokoligbé lọ wò ó. Ó fò lóòótọ́. Mo wá ju bọ́ọ̀lù sí i, ó sì sá fún un. Mo padà sílé. Mo tún kọ ọ́ pé kí n fi ènìyàn méjì gba ẹnì kan. Mo kọ ọ́ pé kí n fi ẹnì kan gba bàtà mẹ́fà. Kò sẹ́ni tí n kò fi pààrọ̀ tán nínú ìwé yẹn, orúkọ kan péré ni n kò kọ sí apá òsì rí, orúkọ tèmi.

Savalou ní ọkùnrin gíga kan. Nígbà tí a kọ́kọ́ bá wọn gbá, abẹ́ irin ló dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá já bọ́, tirẹ̀ ni. Nígbà tí a bá wọn gbá lẹ́ẹ̀kejì, kò sí níbẹ̀, wọ́n ní ó rìnrìn-àjò, síbẹ̀ wọ́n nà wá. Mo délé lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ìbínú, mo ṣí ìwé mi. Mo kọ ọkùnrin gíga náà sí apá ọ̀tún. Mo kọ ọ̀rẹ́ mi sí apá òsì.

Mo lọ bá kápítẹ̀nì wọn ní Savalou. Akọ̀wé ni ní bírò kan, ọmọ Mahi tó gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀. Ó gbà mí lálejò níbi tí wọ́n ti ń ta kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáráàjì, ó bi mí léèrè ìyá mi, ó bi mí léèrè iṣẹ́, ó ní kí wọ́n tún bu búrẹ́dì fún mi. Mo ní mo fẹ́ ọkùnrin gíga yẹn, n óò fún wọn ní wẹ́dà wa. Mo ti múra sílẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó kàn ro kọfí rẹ̀, ó ní, "A gbà." Kọfí mi ò tíì tutù! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ, ó yẹ kí n bi ara mi pé kí ló dé tí wọ́n fi ń yára. N kò bi ara mi. Inú mi ló ń dùn, mo rò pé mo gbọ́n jù ú lọ.

Ó ku ohun kan. Ìwé tí à ń kọ sí ọ́fíìsì ìdíje ní ibi méjì tí ènìyàn lè fàlà sí: ẹni tí a yá ẹgbẹ́ mìíràn fún sáà kan, àti ẹni tí a fi sílẹ̀ fún wọn pátápátá. Ó ní òun kì í yáni, òun kì í sì í gba àyálò. Mo fàlà sí ibi kejì. Ó wá ku kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀.

Lójú ọ̀nà ni mo ti ń wá ohun tí n óò sọ. Lọ́dọ̀ wa, kò sí bí o ṣe fẹ́ sọ fún ènìyàn pé o ti mú un fún ìlú mìíràn títí láé. Ọ̀rọ̀ tí a ní fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹrú ni wọ́n ń lò ó fún láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n àáró, kò sí ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Àáró ni mo bá mú lọ bá a.

Mo bá a ní àgọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń jó ilẹ̀kùn kan. Ó bọ́ awò dúdú kúrò lójú, ó fa àpótí fún mi. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, ṣé o rántí bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe àáró? Lónìí, gbogbo wọn á lọ ro oko tèmi. Lọ́la, èmi náà á lọ ro tiwọn. Bí iṣẹ́ bá parí, kálukú á padà sí oko rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ bá Savalou ṣe nìyẹn. Wọ́n á yá wa ní ọkùnrin gíga wọn, a ó yá wọn ní ìwọ."

Ó wò mí. "Sáà kan?"

"Sáà kan péré."

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Ìyá rẹ kọ́ ni ìyá mi? Mo wà níbí."

Ó gba ìwé náà. Kò ka Faransé, orúkọ rẹ̀ nìkan ló lè kọ. Ó ní, "Kí ni wọ́n kọ síbí?" Mo ní, "Ohun tí mo sọ fún ọ náà ni." Ó fọwọ́ sí i. Ìka rẹ̀ tó dúdú fún èérí irin kan ìwé náà, ó ba igun rẹ̀ jẹ́, ó sì ní kí n má bínú. Èmi ni ó ń bẹ̀ o! Mo ní kò sí wàhálà.

Wọ́n fún un ní ibi iṣẹ́ kan létí ọ̀nà ní Savalou, ó sì kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ọkùnrin gíga wa dé. Ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé èkejì. Orúnkún rẹ̀ wú, wọ́n fi aṣọ wé e. Ìyá mi tó ń gún iyán dè é dúró, ọmọ odó wà lókè. Ó ní, "Ṣé eléyìí ló ń bọ̀ wá fò? Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rìn dé ìdí oúnjẹ ná." Mo bi ọkùnrin náà léèrè ohun tó ṣe é. Ó ní òun ti ṣubú láti oṣù méjì sẹ́yìn, dókítà ní òun ò gbọ́dọ̀ fò mọ́. Ó ní, "Ṣé wọn ò sọ fún yín ni? Mo ní kí wọ́n sọ fún yín kí n tó fọwọ́ sí i." Yéè! Ilẹ̀ ìbá lanu, ǹ bá ti wọ inú rẹ̀ lọ. Ọmọlúàbí ènìyàn ni, kò ṣe mí ní nǹkan kan, síbẹ̀ mo kórìíra ẹsẹ̀ rẹ̀ fún odidi sáà kan. Ilé wa ló ń gbé. Ó máa ń dúró lábẹ́ irin, ó máa ń gbá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó, bí bọ́ọ̀lù bá kọjá ìyẹn, á máa fi ojú tẹ̀ lé e.

Wẹ́dà ńkọ́? Savalou ń borí, wọ́n ń gbé e sọ́rùn. Ọjọ́ Ajé ló máa ń wá kí ìyá rẹ̀, á sì yà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Á jókòó sórí àpótí, á fi ọwọ́ gba itan, á ní, "Ọ̀rẹ́, oko àwọn ará ibẹ̀ le o! Ṣùgbọ́n mò ń ro ó." Èmi á máa fi ojú sí ẹnu abẹ́rẹ́. Bó bá ti lọ tán, ìyá rẹ̀ á tún ránṣẹ́ pè mí ní ìrọ̀lẹ́, á ní, "Sáà yìí ku ọ̀sẹ̀ mélòó?" Mo ní, "Ó kù díẹ̀, ìyá." Ó ní irin náà kì í dún dáadáa mọ́. Mo ní lóòótọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú eré ìkẹyìn, ọ̀kan nínú wa so mọ́ irin náà níbi tó ti ń ṣe bíi pé òun mọ̀ ọ́n gbá, ojú ibi tí wọ́n ti jó o là, ó ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀. A pe wẹ́dà mìíràn. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó kàn án, ó tún ṣí. Ẹ wo ọgbọ́n mi! Mo mú ẹni tó ń tún irin wa ṣe, mo fi pààrọ̀ ẹni tí kò lè fò débẹ̀. Kí n tún sọ fún yín ẹni tí a fẹ́ bá gbá: Savalou ni, nílé wa. Àwa àti ẹgbẹ́ kan la jọ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí a bá borí, a bọ́. Bí a kò bá borí, àwa la gbẹ̀yìn, Alájì á sì kó aṣọ rẹ̀.

Mo ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi nípasẹ̀ awakọ̀ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ eré náà, òun àti ẹgbẹ́ Savalou dé, ó sì ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ wọn. Kò jẹun, kò jókòó. Ó kí ìyá rẹ̀, ó gbé àkàbà, ó gòkè pẹ̀lú aṣọ Savalou lọ́rùn, iná sì ń ta yẹ́ríyẹ́rí sílẹ̀. Ó pariwo sí mi láti òkè, "Ṣé kí n tún un ṣe kó gún?" Mo ní, "Rárá o! Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà." Mo rò pé mo tún gbọ́n. Ara ọgbọ́n àtijọ́ ni, pé àlejò ò mọ̀ ọ́n. Mo gbàgbé pé ẹni tó mọ̀ ọ́n jù wá lọ ti wà lọ́dọ̀ àwọn àlejò.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mo fà á lọ sẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, o mọ bó ṣe wà. Ṣe é jẹ́jẹ́ lónìí. Má pa wá."

Ó ń fi iyanrìn nu ọwọ́. Ó ní, "Kí lo sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn? O ní àáró ni. Ṣé ẹni tó lọ ṣe àáró máa ń fi ẹ̀yìn ọkọ́ ro oko olóko? Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Jẹ́ kí n parí iṣẹ́ àwọn ènìyàn yìí lónìí. Lọ́jọ́ Ajé, mò ń bọ̀ nílé." Ó gbá mi léjìká, ó rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní í purọ́, a gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn. Ọkùnrin gíga tú aṣọ orúnkún rẹ̀, ó fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nígbà kẹta ó kígbe, kò sì lè dìde mọ́. Ojú ò tíì tì mí tó bẹ́ẹ̀ rí, torí àwọn tó tà á gan-an ló ń bá jà fún wa. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè ìkẹyìn, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, àmì méjì, la fi ń ṣíwájú wọn, àwọn ará ìlú ti ń jó. Ọ̀rẹ́ mi gba bọ́ọ̀lù ní apá òsì. Èmi ni mo dúró níwájú rẹ̀. Ó wo òkè, kò wò mí. Ó jù ú lu pákó, níbi tí bóòtù wà.

Gbàràǹgàndàn.

Ó ti jìnnà sí irin nígbà tó jù ú, àmì mẹ́ta ni wọ́n kà fún un. Gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pàtẹ́wọ́ lábẹ́ dóńgóyárò, ó ní, "Ọmọ mi nìyẹn! Ẹ gbọ́ ọ? Ọmọ mi nìyẹn! Bantè ti borí!" Kò rí àwọ̀ aṣọ, ó rò pé ọmọ òun ti padà sọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un. Wọ́n fọn fèrè.

Lọ́jọ́ Ajé, Alájì wá gba aṣọ rẹ̀. Gbogbo wa tò sí pápá, kálukú ń ká tirẹ̀. Ibẹ̀ la wà tí ọ̀rẹ́ mi fi dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó wọ aṣọ Bantè tó ti pa mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Àáró parí! Ẹ má jẹ́ kí ojú yín fà ro, bí wọ́n bá yọ wá, a ó tún wọlé. Èmi ti dé." Alájì wo èmi, ó wo òun, ó ní, "Dé sí ibo? Ṣé kápítẹ̀nì yín ò sọ fún ẹ ni? Títí láé ni wọ́n fi ẹ́ sílẹ̀. Ìwé ẹ̀ tí ọ́fíìsì ìdíje dá padà nìyí lọ́wọ́ mi."

Ó rò pé Alájì ń ṣeré. Ó gba ìwé náà, ó gbé e fún ọkùnrin gíga tó jókòó pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó nà gbalaja, torí òun ló ka Faransé dáadáa nínú wa. Ọkùnrin náà kà á sínú, ó gbójú sókè sí mi, ó wá kà á síta ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tún gba ìwé náà padà. Ó wo igun tí ìka rẹ̀ ti bà jẹ́.

Ó ní, "O mọ̀?"

Mo ní, "Mo mọ̀."

Mo ń retí kó gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi létí. Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún Alájì, ó bọ́ aṣọ Bantè, ó sì tò ó lé àwọn yòókù. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ ṣé o, ọ̀gá." Ọ̀gá! Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta jù mí lọ, tí a jọ jẹun nínú abọ́ kan. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, kò pè mí ní nǹkan mìíràn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi gbé ọkọ̀ wá kó ìyá rẹ̀. Ó ní ibi tí iṣẹ́ òun wà ni kí ìyá òun wà. Mo lọ bá wọn gbé ẹrù, torí àwọn ará àdúgbò ń wò mí. Mo gbé àpótí, mo gbé ẹní, òun gbé ibùsùn. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá sí iwájú ọkọ̀, ó na ọwọ́ síta, ó ń wá mi. Mo fi ọwọ́ mi sínú tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ kò sọ fún un. Kò sọ nǹkan kan fún un.

Ìyá ní, "Ọmọ mi ní ìwọ lo bá òun wá ọ̀nà Savalou, pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa níbẹ̀. Mo ní mo mọ̀, inú abọ́ kan lẹ ti jẹun. Ohun tí o ṣe fún ọmọ mi, Ọlọ́run á san án fún ọ. Irú ọ̀rẹ́ tí o jẹ́ fún un, Ọlọ́run á fi irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ta ìwọ náà lọ́rẹ."

Gbogbo àwọn tó dúró yí ọkọ̀ ká ṣe àmín. Ọ̀rẹ́ mi wà nídìí ọkọ̀, ó ń so okùn mọ́ ibùsùn, ohùn tirẹ̀ ló ròkè jù lọ. Ìyá kò tíì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ń dúró kí èmi náà ṣe é.

Mo ní, "Àmín, ìyá."